Gìtá Mi àti Àyè Òfìfo Nídìí Òfì Bàbá Mi

Ẹ jókòó ná. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìwòyí, ẹ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ẹ ó ní, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ orin dára ṣe?" bí ẹni ń béèrè ọ̀nà ọjà. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí mo lè dáhùn lórí ìdúró. Nǹkan bí ogójì ọdún ni mo fi ta gìtá. Ẹ̀yìn ló ní ó tó gẹ́ẹ́, ìka kọ́. Ìka mi ṣì pé. Ẹni tí kò bá gbà kó gbé gìtá tirẹ̀ wá, ká jọ wò ó.

Èmi ni Súmọ́nù, Súmọ́ Onígìtá, ọmọ Ìsẹ́yìn. Mo máa fọ́nnu díẹ̀ nínú ìtàn yìí. Ẹ fara dà á fún mi, mo ṣiṣẹ́ fún un.

Agboolé ahunṣọ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn ju aṣọ òkè híhun lọ, bàbá tó bí i lọ́mọ náà ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀. Àtíbàbà onípáànù kan wà níwájú ilé wa, òfì mẹ́jọ ló gbà, kò gba kẹsàn-án. Òfì bàbá mi ló wà láàárín. Àyè tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, tèmi ni. Láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje ni wọ́n ti ń gbé mi jókòó síbẹ̀, tí mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ igi ìtẹ̀sẹ̀, tí mo ń ju ọkọ̀ òwú láti ọ̀tún sí òsì. Kìtì-gbà, kìtì-gbà, láti òwúrọ̀ títí di ìrun alásàrí. Ẹ fi ohùn yẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà sídìí rẹ̀.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìgbà tó bá sì sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ti ha. Òwú tó ti fà símú látìgbà èwe ló bà á lọ́fun jẹ́. Tó bá pè mí láti inú àtíbàbà, àwọn aládùúgbò á ní, "Súmọ́, bàbá ẹ ń fi pákó ha pákó o!" Inú máa ń bí mi. Mo fẹ́ràn ohùn yẹn, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Tíṣà kan tí wọ́n gbé wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa ló gbé gìtá wọ̀lú. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo bá a gbálẹ̀, mo bá a fọṣọ, kó ṣáà jẹ́ kí n fọwọ́ kan okùn rẹ̀. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, mo ní mò ń lọ sí Ìbàdàn, mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ orin. Mo ti múra sílẹ̀ de ègún, mo ti múra sílẹ̀ de ìgbájú. Bàbá mi ò dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó kàn ní, "Máa lọ. Àyè rẹ wà níbí."

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Gbogbo ọdún tí mo fi rìn, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Ráṣídì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ahunṣọ tó dáńtọ́, bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn ló ń gbé òfì tirẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà, nítorí pé inú ti kún, àyè kan ṣoṣo tó ṣófo sì ni tèmi. Tí mo bá wá kí wọn nílé lọ́dún, mo máa ń rí àyè yẹn bí wọ́n ṣe gbá a mọ́ tónítóní, ojú á sì tì mí dé ẹsẹ̀.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Onídígí ní Ìbàdàn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, kò gùn. Wọ́n ní kí n ta á, mo ta á, wọ́n ní kí n gbé ẹrù mi wọlé. Owó tí wọ́n ń san fún mi, mi ò ní sọ, kí ẹ má baà rẹ́rìn-ín. Dígí dúdú tí kì í kúrò lójú rẹ̀ ló fi gba orúkọ náà. Kò sẹ́ni tó mọ bí ẹyinjú rẹ̀ ṣe rí. Ẹgbẹ́ rẹ̀ lórúkọ nígbà náà! Orin rọ́ọ̀kì là ń ta, láyé ìgbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba. Irun wa kún dí etí, ẹnu ṣòkòtò wa gbòòrò débi pé à ń fi í gbá ilẹ̀ ibi tá a bá gbà kọjá. Tá a bá wọ ọgbà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ariwo tí wọ́n ń pa ju ti gìtá lọ.

Ọ̀gá Onídígí le. Háà, ó le! Odindi ọdún kan ni mi ò ta gìtá lórí pèpéle. Aṣọ ni mo fi ń nu okùn, mò ń tò ó, mò ń tú u. Tó bá jókòó sẹ́yìn yàrá, tó kẹ̀yìn sí wa, èèyàn márùn-ún ń ta nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, á sọ pé, "Súmọ́nù, okùn kẹta." Á sì jẹ́ okùn kẹta lóòótọ́. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè fara mọ́ ni ìdọ̀tí ohùn. Gìtá gbọ́dọ̀ mọ́ gaara. Tó bá ha díẹ̀, tó bá kùn díẹ̀, ó tán. Lọ́jọ́ kan, lójú èrò rẹpẹtẹ, ó dá gbogbo orin dúró, ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n tún okùn mi tò kí gbogbo wọn máa wò mí. Mo kúnlẹ̀. Mo tò ó. Ọjọ́ yẹn ni mo kórìíra rẹ̀ jù, ọjọ́ yẹn náà ni mo sì di onígìtá. Ẹ̀yin tí ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín wí, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ọdún mọ́kànlá ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Gìtá tí ẹ ń gbọ́ nínú gbogbo àwo orin rẹ̀ tó lókìkí, èmi ni. Fọ́tò òun nìkan ló wà lẹ́yìn àwo. Mo gbé ìyẹn mì. Ohun tí mi ò lè gbé mì ni ọjọ́ tí mo mú orin tèmi wá. Láti ọdún pípẹ́ ni orin náà ti ń yí lórí mi, kìtì-gbà, kìtì-gbà, gìtá ń rìn bí ẹsẹ̀ ahunṣọ. Mo ta á fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí àwọn yòókù.

Ó ní, "Ẹ gbọ́ orin ìdí òfì! Súmọ́nù, ṣé aṣọ la fẹ́ hun ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo tú okùn gìtá mi, mo dì í, mo ní, "Ọ̀gá, mo dúpẹ́ oore. Mò ń lọ sílé."

Ó ní, "O máa padà wá. Ariwo lo fẹ́ lọ máa ta lóko yín. Gìtá tó dọ̀tí, kò sẹ́ni tó máa rà á."

Bí mo ṣe padà sí Ìsẹ́yìn nìyẹn, èmi àti Sìdí ìyàwó mi, àwọn ọmọ, gìtá kan, ańpilifáyà kan, àti àpótí sípíkà ńlá kan tó wúwo bí àpò iṣu. Àwọn alágbádá ti ń ṣèjọba nígbà náà. Ìròyìn ti ṣáájú mi délé pé mo ti kúrò nínú ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn kan ní wọ́n lé mi ni, àwọn kan ní orí mi ti dàrú. Sìdí ò bá wọn dá sí i. Ó kàn bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Bàbá Mọ́rúfù, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe?" Mo ní mo mọ̀. Irọ́ ni, mi ò mọ̀.

Bàbá mi pè mí sí àtíbàbà. Ó nawọ́ sí àyè tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Mo fẹ́ dá ẹgbẹ́ tèmi sílẹ̀. Mo fẹ́ ṣe àwo tèmi."

Ó wá ní, "Títí di ìgbà wo?"

Ẹnu mi yá. Mo ní, "Kí Iléyá tó dé. Tí àwo mi ò bá kọrin nínú agboolé yìí kí Iléyá tó dé, màá gbé gìtá kọ́, màá sì jókòó sídìí òfì láìjanpata."

Ó ní, "Mo gbọ́." Àwọn ahunṣọ méje yòókù náà gbọ́, ó ti di ọ̀rọ̀ gbogbo àdúgbò kó tó di ìrọ̀lẹ́. Oṣù méje ló kù kí Iléyá dé.

Mo wá èèyàn méjì. Láyí ará Ṣakí ni yóò máa lu ìlù òyìnbó. Iṣẹ́ títún ara mọ́tò ṣe ló ń ṣe, bó sì ṣe ń lu páànù mọ́tò náà ló ń lu ìlù, kò mọ̀ ju agbára lọ. Jímọ̀ ará Òkèhò ni yóò máa ta gìtá béèsì. Tíṣà ìṣirò ni, ó tutù, ó máa ń ka orin sínú bí ẹni ń ka tábìlì. Mẹ́ta péré la jẹ́. Àwọn èèyàn ní, "Ṣé ẹgbẹ́ nìyẹn àbí àwọn tó wá tọrọ omi?"

A ò níbi tá a ó ti máa dánra wò. Bàbá mi ló ní ká máa lo ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà nígbà tí àwọn ahunṣọ bá lọ jẹun ọ̀sán. Báyìí lẹ̀ ń rí ayé! Àwọn ahunṣọ á tètè jẹun tán, wọ́n á padà wá jókòó, wọ́n á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n Láyí gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Ó jókòó ti òfì ní odindi ọ̀sẹ̀ kan, ó ń wo ẹsẹ̀ àwọn àgbàlagbà lórí igi ìtẹ̀sẹ̀. Nígbà tó padà sídìí ìlù, ó ti gbàgbé páànù mọ́tò. Kìtì-gbà, kìtì-gbà. Ráṣídì pariwo látinú oòrùn pé, "Ẹ̀yin wọ̀nyí ń jí wa lẹ́sẹ̀ o!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ láti ọjọ́ náà wọn ò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

A ṣeré ní Komu, a ṣeré ní Òkèhò, a gbé jẹnẹrétọ̀ dé Ijio lẹ́nu ibodè. Ìròyìn wa dé etí ilé iṣẹ́ aláwo kan ní Èkó. Wọ́n kọ̀wé sí wa, ọjọ́ méjì ni wọ́n fún wa nínú sítúdíò wọn, kí a gbé irinṣẹ́ wa wá. Oṣù méjì ló kù kí Iléyá dé. Mo jó yí agboolé po. Mo ka lẹ́tà náà sétí bàbá mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní òun ti gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́.

Ibi tọ́rọ̀ ti dojú rú nìyí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ìdí òfì. Òwú tí ahunṣọ ń hun gùn, ó máa ń nà jáde láti inú àtíbàbà lọ sí ojúde bí okùn tí wọ́n sá aṣọ lé. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n gbọ́dọ̀ so ohun tó wúwo mọ́ ọn kí ó lè le dáadáa. Òkúta ni wọ́n sábà máa ń lò. Bí ahunṣọ ṣe ń hun, ó ń fa òwú sọ́dọ̀, òkúta náà á sì máa wọ́ nílẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀la la fẹ́ gbéra lọ sí Èkó. Mo lọ sí Òkèhò lọ mú Jímọ̀ wá. Nígbà tá a padà dé lẹ́yìn ìrun alásàrí, mo wo ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà, mi ò rí àpótí sípíkà mi. Mo wò yíká. Mo wá rí i ní àárín ojúde. Òwú bàbá mi ló wà ní ọwọ́ àpótí náà, wọ́n so ó pinpin. Ó dojú bolẹ̀ lórí òkúta wẹẹrẹ. Ó ti ń wọ́ bọ̀ láti àárọ̀.

Mi ò mọ ìgbà tí mo ké. Mo sáré lọ, mo gbé e, mo yí ojú rẹ̀ sókè. Aṣọ ojú rẹ̀ ti ya kúrò. Awọ inú tó ń mú ohùn jáde ti fàya láti òkè dé ìsàlẹ̀, ihò méjì wà níbòmíràn. Iyanrìn kún inú rẹ̀.

Bàbá mi jáde. Ó ní, "Òkúta mi là sí méjì láàárọ̀. Mo rí i pé èyí wúwo dáadáa. Mo dà á dojú bolẹ̀ kí oòrùn má baà bà á lójú jẹ́."

Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ burúkú ti dé orí ahọ́n mi. Ẹ̀yin ará, bàbá mi ni. Mo pa ẹnu dé. Mo jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn, mo gbé sípíkà lé itan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé, èmi bàbá ọmọ mẹ́ta. Tá a bá pàdánù ọjọ́ méjì yẹn, a ò ní rí òmíràn gbà kí Iléyá tó dé. Láyí ń bú èébú ní ohùn Ṣakí. Kò sí ẹni tí kò mọ ibi tí àdéhùn mi parí sí, àyè òfìfo náà sì wà níbẹ̀ lápá ọ̀tún òfì.

Bàbá mi wọlé lọ. Mo rò pé ó lọ sùn ni. Nígbà tó jáde, ó gbé igbá ògì gbígbóná lọ́wọ́, ògì tí àwọn ahunṣọ máa ń sè láti fi mú òwú le. Ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú tó tínrín jù lọ. Ó sì bọ́ fìlà orí rẹ̀, fìlà etù rẹ̀, èyí tó fi ń lọ kí ìrun Jímọ̀ọ̀, ó fi ọ̀bẹ gé e sí méjì níwájú gbogbo wa.

Ó ní, "Gbé e wá."

Mo ní, "Bàbá, nǹkan òyìnbó ni o. Kì í ṣe aṣọ."

Ó ní, "Ohun tó bá ti ya, aṣọ ni."

Ó gbọn iyanrìn rẹ̀ dànù. Ó fi òwú rán ojú fífàya náà, ó rán an wẹ́wẹ́, ó rán an wẹ́wẹ́, ẹ ò ní mọ̀ pé ọwọ́ àgbàlagbà ni. Ó fi ègé fìlà bo ihò méjèèjì. Ó fi ìka kun ògì sí gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń kun òróró sára ọmọ tuntun. Ó ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Títí di ọ̀túnla ni kó tó gbẹ." Kò sọ pé ẹ máà bínú. Èmi náà ò béèrè rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní fìlà àlòkù kan ló dé lọ sí mọ́ṣáláṣí, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bi í léèrè.

A gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì nínú ọkọ̀ akóṣu. Àárín ẹsẹ̀ mi ni sípíkà wà títí a fi dé Èkó, mo fi gèlè Sìdí bò ó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni enjiníà sítúdíò náà. Ó wo sípíkà mi, ó wo mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lo tiwa." Ojú tì mí, mo gbà. Mo so gìtá mọ́ tiwọn. Ó mọ́, ó mọ́ gaara bí omi òjò. A ta orin ìdí òfì náà dé ìdajì, Jímọ̀ bá dáwọ́ dúró.

Ó ní, "Súmọ́, ta ló ń ta gìtá yẹn?"

Mo ní, "Ìbéèrè wo nìyẹn? Èmi ni."

Ó ní, "Rárá o. Ọ̀gá Onídígí ni."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Òótọ́ ló sọ. Mo ti rin gbogbo ọ̀nà náà láti wá ta gìtá ẹlòmíràn. Mo dìde, mo ká gèlè Sìdí kúrò, mo so gìtá mi mọ́ sípíkà tí bàbá mi rán.

Enjiníà ní, "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan yìí ti bàjẹ́."

Mo ní, "Mo mọ̀. Tẹ̀ ẹ́."

Mo fọwọ́ kan okùn kẹta. Orí mi wú! Ohùn tó jáde ń kùn, ó ń ha, ó nípọn, ó ń gbọ̀n, ó dà bí ẹni tí òwú há sí lọ́fun tó sì ní ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ sọ dandan. Mo mọ ohùn yẹn. Láti inú àtíbàbà ló ti ń pè mí látìgbà tí wọ́n ti bí mi. Láyí wò mí, ó ní, "Yé! Bàbá nìyẹn!" Ó bá lu ìlù wọlé, kìtì-gbà, kìtì-gbà, Jímọ̀ tẹ̀ lé e, èmi náà gbà á, a sì ta orin náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìdúró. Nígbà tá a parí, enjiníà gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. A parí orin mẹ́fà yòókù kí ọjọ́ méjì tó pé. Mo sọ àwo náà ní *Ìdí Òfì*, nítorí ẹni tó fi bú mi.

Àwo yẹn ṣe gudugudu méje. Rédíò ń gbé e lójoojúmọ́. Láti Ṣakí dé Èkó, kò sí ibùdókọ̀ tí wọn ò ti ń lù ú. Àwọn tó ní mo ti ya wèrè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn ló kọ́ mi ní gìtá. Nígbà tó di ọdún kejì, mọ́tò kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ní ọ̀sán gangan. Ọ̀gá Onídígí ló sọ̀ kalẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un; ọ̀gá mi ni.

Ó ní, "Súmọ́nù, mi ò wá jà. Ẹ̀rọ wo lo rà? Ìlú òyìnbó wo ló ti wá? Mo ti wá ohùn yẹn títí, mi ò rí i."

Mo nawọ́ sí bàbá mi. Bàbá mi gbójú sókè lórí òfì, ó ní, "Ògì bàbà ni. Ẹ jókòó, kí wọ́n bù díẹ̀ fún yín."

Ọ̀gá rò pé àwàdà ni. Nígbà tí mo ṣí ẹ̀yìn sípíkà fún un tó rí òwú, tó rí ègé fìlà etù, ó bọ́ dígí dúdú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí ojú rẹ̀. Ẹyinjú kéékèèké ni, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi lé ohùn yìí kúrò lára rẹ."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n dá a mọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ." Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Ìka tí kò bá ti kọ́ mímọ́, ìdọ̀tí lásán ni yóò ta.

Lẹ́yìn ìyẹn, ayé yí padà. Kásẹ́ẹ̀tì lé àwo lọ, dùùrù oníná gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta, kọ̀ǹpútà wá gba ti gbogbo wọn. Ní báyìí, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, gìtá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha fúnra rẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi ra ọ̀kan wá. Ó tẹ̀ ẹ́ fún mi, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ gbọ́ ohùn yín." Mo ní ó dára. Ó dára lóòótọ́. Mi ò ní purọ́ pé ayé àtijọ́ ló sàn jù. Kí ẹ ṣáà wá ohùn tí ẹ fẹ́ fi ẹ̀rọ náà sọ, òun lèmi mọ̀.

Mo ti sáré kọjá ọjọ́ kan, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ọjọ́ tí àwo náà dé Ìsẹ́yìn ni.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a ṣe Iléyá. Àgbò ti wà lórí ìso níwájú gbogbo ilé. Mo ti sọ̀rètí nù, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìtẹ̀sẹ̀ òfì lójú. Awakọ̀ akóṣu wa ló gbé páálí àwo náà wá láti Èkó. Mo yá gíráàmù oníbátìrì ti aládùúgbò wa, mo gbé e sínú àtíbàbà, sórí àpótí kan. Àwọn ahunṣọ ò dáwọ́ dúró, bàbá mi náà ò dáwọ́ dúró. Mo gbé abẹ́rẹ́ lé e.

Ìlù wọlé. Gìtá wọlé tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ òwú dúró lọ́wọ́ bàbá mi.

Ó fetí sílẹ̀ títí orin náà fi parí. Ó ní, "Ohùn ta nìyẹn?"

Mo ní, "Tiyín ni, Bàbá."

Ó ní, "Tún un gbé síbẹ̀." Mo tún un gbé. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, mo rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ igi ìtẹ̀sẹ̀ bá a lọ, bẹ́ẹ̀ kò ju ọkọ̀ òwú kankan. Nígbà tó parí, ó na ara sẹ́yìn, ó pe Ráṣídì tó wà nínú oòrùn.

"Ráṣídì, gbé òfì rẹ wọlé. Wá jókòó síbí."

Ráṣídì dúró, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó wo àyè tó wà lápá ọ̀tún bàbá mi, ó wò mí. Ó ní, "Bàbá, àyè Súmọ́ nìyẹn."

Bàbá mi gbé ọkọ̀ òwú rẹ̀. Ó ní, "Jókòó. Súmọ́ ti níṣẹ́."